Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Kò Tíì Dé

Ilé wa ní Okokomaiko kò jìnnà sí títì, ibi tí bàbá mi ti ń lẹ táyà. Ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ló máa ń jí wa láàárọ̀, á máa gbọ̀n, á máa hó, bí ẹni pé wọ́n jí òun náà lójijì ni. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀, a ó gbọ́ agogo ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé, tàbí ohùn àwọn àgbò tí wọ́n ń dà lọ sí ọjà Àlàbá Rago. Ṣùgbọ́n ohùn tó ṣe pàtàkì jù nílé wa ni ti ìkíni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á máa retí kí á wá kí òun. Mo lè ti gbálẹ̀, kí n ti pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, kí n ti fọ ìkòkò ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́dìí, bí n kò bá tíì kúnlẹ̀ kí i, n kò tíì jí lójú tirẹ̀. Á wò mí títí, á wá bi ìyá mi pé, "Ìyá Tóyìn, ṣé ibòmíì ni ọmọ yìí sùn mọ́jú ni?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá lẹ́yìn ilé wa ni àánú wọn máa ń ṣe mí jù. Wọ́n á dúró gbọnrangandan, wọ́n á ní, "Mọ́nìn, mà." Ìyá Àgbà á gbójú sókè, á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Kí ọdún tó parí, èyí tó ń kọ́ ìṣirò nínú wọn ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu.

Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnì kan wà láyé tí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kì í kí. Ẹni náà sì ni ìkejì rẹ̀. Ìbejì ni Ìyá Àgbà, òun ni Táyé. Kẹ́hìndé rẹ̀ wà ní erékùṣù kan ní òdìkejì ọ̀sà Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ìyá Òkè-Odò ni àwa ọmọdé ń pè é. Wọn ò jà rí o. Kò sẹ́ni tó gba ilẹ̀ ẹnì kankan, kò sẹ́ni tó bú ẹnì kankan. Bí ẹ bá bi èyíkéyìí nínú wọn pé kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbà: "Kò kí mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi títí tí oorun fi gbé wọn lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, nítorí náà Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Bí a bá fi ti ìbí ṣe, Ìyá Àgbà ló yẹ kó máa kúnlẹ̀ kí ìkejì rẹ̀. Àmọ́ agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì lọ́kọ sí, ọmọ ìyá méjì ni wọ́n sì fẹ́. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ wọlé, ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ṣe díẹ̀ kí ìkejì rẹ̀ tó wọlé fẹ́ àbúrò. Ẹni tó bá sì kẹ́yìn wọ ilé ọkọ, ìyàwó ni lójú gbogbo ẹni tó bá nílé, ì báà jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Bí a bá fi ti ilé ọkọ ṣe, Ìyá Òkè-Odò ló yẹ kó máa kúnlẹ̀. Bàbá ọkọ wọn, tí orí rẹ̀ pé, pàṣẹ pé kí wọ́n máa kúnlẹ̀ pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí bàbá náà fi kú, tí àwọn ọkọ méjèèjì náà sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fojú kan ara wọn, oníkálukú sì dúró de èkejì. Ìyá Àgbà ní eékún òun ti fẹ́ tẹ̀, ká ní òun kàn rí i pé ti ẹni yẹn mì díẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ti ẹni yẹn náà ti fẹ́ tẹ̀. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán láàárín wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá mi bí mi, Ìyá Àgbà di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ tọ́jú ọmọ ọmọ òun ní Okokomaiko. Mo ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń tọ́jú mi.

Ẹ má rò pé ó gbàgbé ìkejì rẹ̀. Bí ó bá ra ìborùn, méjì ni. Bí ó bá ra sálúbàtà, ẹsẹ̀ méjì fún òun, ẹsẹ̀ méjì fún ẹni tí òun kì í kí, á sì kó èyí tó jẹ́ ti ẹni yẹn sínú àpótí. Ìyá mi lè dín ẹja, kó fún un ní orí rẹ̀ tó fẹ́ràn, á ní, "Ẹni yẹn náà fẹ́ràn orí ẹja," á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí tí èmi náà ti dàgbà, mo mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yẹn ò bá ìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a ṣáà má pè é ní ìkíni.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún náà ni ìgbéyàwó Àǹtí Bọ̀sẹ̀. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Òkè-Odò. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́nà Ìbà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ibẹ̀ náà ló ti pàdé bíríkìlà kan tó wá gbé ṣòkòtò ṣe. Ìyá Òkè-Odò bí i, Ìyá Àgbà tọ́ ọ dàgbà lábẹ́ òrùlé wa, Àǹtí Bọ̀sẹ̀ sì ti ta kú pé àfi kí ìyá òun méjèèjì gbé ọwọ́ lé òun lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ gbàdúrà fún òun, kí òun tó lọ sílé ọkọ. Àwọn ará ilé ọkọ ti wá béèrè ọjọ́, wọ́n padà lọ lásán. Wọ́n tún wá. Lọ́jọ́ náà, bàbá bíríkìlà rọra sọ fún bàbá mi pé bí ọmọ àwọn kò bá wù wá, kí a kúkú wí, àwọn ò ní bínú. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́. Ó sunkún títí tó fi rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Bàbá mi ló wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, omi tó bá ti ju inú ike ìwẹ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Síbẹ̀ òun ló jókòó ti Ìyá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ta ọjà tí kò dára.

"Màmá, ó ti rẹ gbogbo wa nílé yìí. Mo ti ṣátà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ní èbúté Ọ̀jọ́. Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, gbogbo wa á jọ lọ wo àwọn erékùṣù, ká gba afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ wo, Bàbá Tóyìn? Èyí tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ sí táyà kò tó yín ni?"

"Fáàjì ni, Màmá. Àwọn òyìnbó máa ń ṣe é. Wọ́n á wọkọ̀, wọ́n á kàn máa wo omi, wọ́n á padà sílé."

Ìyá Àgbà ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kéèyàn wọkọ̀ lọ síbi tí kò ní nǹkan kan ṣe. Wọ́n bí òun sórí omi yìí, òun pẹja lórí rẹ̀, òun ru ẹja kọjá lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó wí fún òun rí pé ó ṣeé wò. Lẹ́yìn náà ó béèrè aṣọ tó yẹ kéèyàn wọ̀ lọ wo omi. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ìyá mi rí i tó ń kó àwọn ìborùn àti sálúbàtà inú àpótí sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi wo òkè. Bí a ṣe jáde nílé nìyẹn, gbogbo wa mọ ibi tí à ń lọ, gbogbo wa ń sọ pé fáàjì ni.

Bàbá mi gbé túùbù táyà lọ́rí kan dání, ó ti fẹ́ ẹ kún dáadáa, ó sì kó ara rẹ̀ sáàárín rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ó gba ibi ènìyàn púpọ̀. Síbẹ̀ òun ló sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń júwe. "Ẹ wo apá òsì yín," ni yóò wí, á sì fọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní ká wò. Awakọ̀ náà, ọmọ Ègùn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀gá, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ jókòó. Ẹ má mì wá." Ní tèmi, n kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ewéko orí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀sà nígbà náà ti yọ òdòdó, ó tẹ́ lọ títí bí ilẹ̀ gidi, ó sì ń fa ẹ́ńjìnnì wa lẹ́sẹ̀ débi pé awakọ̀ ń dúró já a kúrò. Àwọn igi tí gbòǹgbò wọn wà lókè omi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. A kọjá lára àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi, èéfín wọn bò wá, ó ta ebi sí wa nínú. Lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, à ń gbọ́ òkun tó ń hó, ṣùgbọ́n a ò rí i. Ìyá Àgbà nìkan ni kò wo nǹkan kan. Ó wọ aṣọ òkè ọjọ́ ìgbéyàwó ìyá mi, ó jókòó sáàárín ọkọ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ètò bàbá mi ni pé bí a bá dé iwájú erékùṣù náà, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó ní ó bàjẹ́. Awakọ̀ pa á lóòótọ́, ó ní, "Ah, ó ti bàjẹ́ o," pẹ̀lú ohùn ọmọ iléèwé tó há ìwé sórí. Ọkọ̀ wa rọra sún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun iyanrìn, ó ku omi tó mu ni dé orúnkún. Ìyá Òkè-Odò sì wà níbẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn lórí àpótí kan, òun náà wọ aṣọ òkè. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ti ránṣẹ́ sí i. Mo wò ó, mo wo Ìyá Àgbà, mo tún wò ó. Ojú kan náà, imú kan náà, bí wọ́n ṣe ń ká ẹnu jọ kò yàtọ̀. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, bàbá mi dọ̀bálẹ̀, a kí i. Ìyá Àgbà kò mira.

"Màmá, a ti dé," ni bàbá mi wí.

"Ẹ̀yin lẹ dé. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò tíì dé."

Ìgbà yẹn ló tó yé bàbá mi pé gbogbo ètò rẹ̀ ti dàrú. Ẹni tó bá ń bọ̀ ló ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bá nílé. Bí Ìyá Àgbà bá fẹsẹ̀ kan iyanrìn yẹn, òun ni àlejò, òun ni yóò kí. Bí Ìyá Òkè-Odò bá sì wọ inú omi wá sídìí ọkọ̀, òun ló ń bọ̀, òun ni yóò kí. Nítorí náà, ọ̀kan jókòó nínú ọkọ̀, èkejì jókòó létí omi, wọ́n ń wo òkè orí ara wọn, èèyàn sì lè ju àgbọn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Bàbá mi gbìyànjú láti sọ pé ọjọ́ orí wọn dọ́gba, kí wọ́n jọ kí ara wọn. Àwọn méjèèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ túùbù rẹ̀ wò.

"Bàbá Tóyìn," ni Ìyá Àgbà wí nígbà tó yá, "ẹ bá mi bi ẹni tó wà létí omi bóyá ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ún ti gbádùn."

Bàbá mi yí padà tòun ti túùbù rẹ̀, ó fẹ́ bi Ìyá Òkè-Odò láti ibi tó dúró. Ìyá Àgbà ní kí ó má ṣe pariwo ọ̀rọ̀ àìlera ẹni lójú omi, kí ó lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi, ẹni tó ń bẹ̀rù omi, di ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ, tó ń wọ́ ọ bọ̀, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹni tó wà létí omi ní ẹsẹ̀ ti sàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bóyá ó ṣì ń lá àlá bàbá wọn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ní òun lá a lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà létí omi ní bó ṣe rẹ́rìn-ín lójú òun náà nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ ìborùn lọ, abọ́ ìrẹsì alágbọn bọ̀ pẹ̀lú orí ẹja gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan. Ìyá Àgbà jẹ ẹ́ títí dórí egungun ojú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ata ló pọ̀. Kò sí ata níbẹ̀ o. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Awakọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ó ní omi ń fà, bí a kò bá lọ nísinsìnyí, orí iyanrìn ni ọkọ̀ máa jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ jí lójú ẹsẹ̀. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ wá rí i pé bó ṣe máa parí nìyẹn, pé òun máa darúgbó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wọnú omi lọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, omi dé e níbàdí, ó sì tẹ orí ba. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìyá Òkè-Odò dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi, ohùn rẹ̀ sókè dáadáa kí gbogbo wa lè gbọ́, pé òun ò lọ sídìí ọkọ̀ ẹnì kankan, ọmọ òun ló wà nínú omi, ọmọ òun lòun ń lọ bá. Ó wọ́ aṣọ òkè rẹ̀ wọnú omi, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ìkejì rẹ̀ lórí Àǹtí Bọ̀sẹ̀. Wọ́n jọ ṣàdúrà. Ohùn kan náà ni, tí kì í bá ṣe pé mò ń wo ẹnu wọn, n kò ní mọ̀ pé èèyàn méjì ni. Ìyá mi ń ṣe àmín pẹ̀lú ẹkún.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n kó ọwọ́ wọn kúrò, wọ́n sì gbójú kúrò lára ara wọn. A wọkọ̀. Ọkọ̀ ti yí orí padà nígbà tí Ìyá Àgbà sọ lójijì pé, "Ó dàbọ̀ o."

"Ó dàbọ̀," ni Ìyá Òkè-Odò dá a lóhùn nínú omi. "Ẹ rọra o. Ẹ kí ilé."

"Wọ́n á gbọ́ o. Ẹ fi òróró pa ẹsẹ̀ yẹn."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi bo ohùn wọn. Bàbá mi pariwo pé wọ́n ti kí ara wọn. Ìyá Àgbà ní kí ó jókòó, kí ó má dà wá sómi. Ìdágbére kì í ṣe ìkíni, ẹni tó ń lọ ló ń kọ́kọ́ dágbére, kò sì sẹ́ni tó lè bínú sí ìyẹn.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ lọ sílé ọkọ. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèbẹ̀wò sí ara wọn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é rèé: àlejò á dé, kò ní kí onílé, onílé kò ní kí i káàbọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun, wọ́n á máa gba ẹnu wa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, àlejò á dìde, á ní ó dàbọ̀, ìgbà náà ni ojúlówó ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sin ara wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró, wọ́n á rántí nǹkan míì. Bàbá mi máa ń sọ pé òun ò rí ìdágbére tó pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe àlejò lọ rí.

Mo ti dàgbà tán nígbà tí Ìyá Òkè-Odò kú. A kì í sọ fún ìbejì pé ìkejì rẹ̀ kú, nítorí náà bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, Ìyá Òkè-Odò ti rìnrìn àjò."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ó rìnrìn àjò, kò sì wá dágbére fún mi?"

Ó ní ká gbé òun lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé ti ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ìkejì rẹ̀ sí, ó sì gbé ọwọ́ lé itan. Àwọn èèyàn wá, wọ́n lọ. Àwọn tó fẹ́ gbé òkú náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo bàbá mi pé kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dágbére fún Ìyá Òkè-Odò, ọjọ́ ń lọ."

"Èmi kọ́ ni mò ń lọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó ń lọ ló ń kọ́kọ́ dágbére. Mò ń dúró dè é."

Ó dúró dè é títí oòrùn fi kúrò lára fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, ó rọra fi eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, èmi àti ìyá mi sáré mú un lápá, ó ní ká fi òun sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ kú ilé o."